Bí mo ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àwọn Ṣáínà kún ìtọ́jú MS mi ní Èkó: ẹ bá mi ká lọ lẹ́sẹẹsẹ

Láti ìgbà tí mo ti lanu sọ ọ́ pé mo ń gba abẹ́rẹ́ àwọn Ṣáínà, ìyẹn acupuncture, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n ń gún sára láìfi oògùn sínú ẹ̀, kún ìtọ́jú MS mi, fóònù mi ò simi mọ́. Àwọn kan fẹ́ mọ ibi tí mo ti ń gbà á, àwọn kan ní ṣé kì í dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tiẹ̀ bi mí pé ṣé kì í ṣe gbẹ́rẹ́ ni wọ́n kàn wọ kóòtù fún yẹn. Mo ní kí n kúkú jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí èèyàn ṣe lè dán an wò ní Èkó yìí láìjẹ́ pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó àti láìjẹ́ pé ó tún fi kún ìnira tó ti wà nílẹ̀. Léèsì ni mò ń tà ní Balógun, Sùúrùlérè ni mò ń gbé, MS ti wà lára mi ó ti lé lọ́dún mẹ́fà. Èmi kì í ṣe dókítà o, ẹ jẹ́ kíyẹn yé wa.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ, MS ni multiple sclerosis. Àwọn sójà ara tó yẹ kí wọ́n máa lé àìsàn ló yí ìbọn padà sí onílé, wọ́n ń họ rọ́bà tó bo àwọn nẹ́ẹ̀fù inú ọpọlọ àti ti inú eegun ẹ̀yìn. Ẹ wo wáyà tí èkúté ti họ rọ́bà ara ẹ̀, gílóòbù á máa ṣẹ́jú, nígbà míì kò ní tàn rárá, bó ṣe ń ṣe wá nìyẹn. Ọwọ́ á kú, ojú kan á ṣókùnkùn, ẹsẹ̀ á le bí igi, ìtọ̀ á ṣàdédé gbọ̀n èèyàn lórí afárá, rírẹ̀ kan á wá dé tó jẹ́ pé oorun ò lè tán an. Dókítà Faransé kan tó ń jẹ́ Charcot ló to àwọn àmì ẹ̀ jọ tó sì fún un lórúkọ ní 1868. Obìnrin ló ń mú jù, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ 20 sí 40 ọdún. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa bó ṣe wọ́pọ̀ nílẹ̀ àwọn òyìnbó olótùútù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, tó sọ òótọ́ fún mi, àwọn kan ti ní mo tẹ nǹkan ní ọjà, àwọn kan ní rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀ wá mú mi, mo ti sun orí òkè ọjọ́ méje, ara mi ò tún le sí i.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí agbára abẹ́rẹ́ yìí mọ kẹ́ ẹ má baà bínú sí mi lẹ́yìn ọ̀la. Kì í wo MS. Kò sẹ́ni tó tíì fi hàn pé ó ń dá a dúró tàbí pé ó ń tún rọ́bà tó ti bó ṣe. Ohun tí àwọn kan lára wa ń rí nínú ẹ̀ ni pé ó ń bá wọn dẹ ìrora, ó ń bá wọn dẹ ẹsẹ̀ tó gan, ó ń jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn, àwọn míì ní rírẹ̀ náà dín kù. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí ẹ̀ fún MS kéré, èèyàn inú wọn ò pọ̀, òmíràn ò tiẹ̀ ní àwọn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn gún tí wọ́n lè fi wé àwọn tó gba ti gidi, torí náà ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé ó dájú ṣáká, ẹ rọra máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Oògùn dókítà ni onílé, abẹ́rẹ́ yìí, àlejò ni, àlejò kì í sì í lé onílé síta.

Mò ń sọ èyí tìkanra-tìkanra torí ohun tójú mi rí. Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọkùnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ wo ahọ́n mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú títí, ó wá ní kí n lọ da abẹ́rẹ́ interferon mi, oògùn MS tí dókítà fún mi, nù pé òun ló ń dí qi mi lọ́nà, qi ni agbára tí wọ́n gbà pé ó ń ṣàn káàkiri ara. Abẹ́rẹ́ tí mò ń fi jẹ́ẹ̀nì ṣọ́ nínú fíríìjì kó má baà gbóná! Ó tún ní kí n san owó ìgbà ogún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé báàgì mi, mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀, mi ò padà.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ sọ fún dókítà nẹ́ẹ̀fù yín, ì báà jẹ́ LUTH ní Ìdí-Àràbà lẹ ti ń gba ìtọ́jú, ì báà jẹ́ LASUTH ní Ìkẹjà tàbí ọsibítù aládàáni. Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á bú yín, èmi náà bẹ̀rù, dókítà mi kàn bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀ ni, ó ní tí mi ò bá ti fi oògùn sílẹ̀, kí n dán an wò kí n sì wá jábọ̀. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bi í ni pé: ṣé oògùn tí mò ń lò ń tẹ àwọn sójà ara mọ́lẹ̀ débi pé ojú abẹ́rẹ́ lásán lè di egbò fún mi, ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ń dì dáadáa, ṣé mò ń lo oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí lára ọkàn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi iná mànàmáná sí abẹ́rẹ́ fún un. Aboyún, ẹ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí àwọn ojú ibì kan wà lára tí àwọn oníṣẹ́ yìí fúnra wọn kì í gún fún aboyún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ìwé kékeré kan. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ máa fo ibí yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó, òun ló gba owó mi padà lọ́wọ́ ọ̀fọ̀. Nínú gbogbo nǹkan tó ń ṣe yín, ẹ mú ẹyọ kan, ó pọ̀ jù ẹ mú méjì, èyí tó ń dààmú yín jù. Èmi mú pajápajá òru tó máa ń fa ojúgun mi, mo sì mú rírẹ̀. Alaalẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ fún un ní máàkì láti 0 dé 10, 0 ni pé kò sí rárá, 10 ni pé ẹkún lẹ̀ ń sun. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ́rẹ́ kàn yín. Ẹ fi ìlà kan kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: kò sí iná, mo lọ sọ́jà, mo jà pẹ̀lú lánlọ́ọ̀dù, nǹkan oṣù mi dé. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ máa wo nǹkan mẹ́wàá pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó yí padà, ẹ̀ẹ́ kàn máa sọ pé "ó jọ pé ara mi fúyẹ́", ó jọ pé kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀kan tún nìyí tí àwọn abánitajà ò ní sọ fún yín. MS tó ń wá tó ń lọ máa ń rọlẹ̀ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dìde, pàápàá tí wọ́n bá ti fún yín ní steroid, oògùn tó ń mú kó tètè rọlẹ̀, ní ọsibítù. Tẹ́ ẹ bá wá lọ bẹ̀rẹ̀ acupuncture lọ́sẹ̀ tí ara ti ń padà bọ̀ sípò fúnra ẹ̀, abẹ́rẹ́ ló máa gba gbogbo ìyìn, ẹ̀ẹ́ sì máa sanwó ohun tí kò ṣe. Ẹ jẹ́ kára kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún bí oṣù méjì mẹ́ta ná.

Ó kan ibi tẹ́ ẹ máa gbà á, ibí ni Èkó ti máa ń dán èèyàn wò. Ibì kan tó lókìkí wà ní Erékùṣù, gbogbo èèyàn ló ń júwe ẹ̀ fún mi, ilé rẹwà, AC ń fẹ́ yẹ́ẹ́, orin odò ń dún lábẹ́lẹ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Láti Sùúrùlérè, dánfó dé Ọbáléndé, kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀, bí gósílò bá wá mú wa lábẹ́ oòrùn aago méjì ọ̀sán tí kọndọ́ fi èèyàn mẹ́rin sórí ìjókòó mẹ́ta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní MS mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: ooru kì í jẹ́ kí nẹ́ẹ̀fù tó ti bó lè jíṣẹ́ dáadáa, ojú á máa ṣú, ẹsẹ̀ á rọ̀ bí fùfú. Abẹ́rẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìrìn wákàtí mẹ́rin lálọ lábọ̀. Nígbà tí mo ṣí ìwé mi wò, gbogbo ọjọ́ tí mo lọ Erékùṣù, rírẹ̀ mi wà ní 9, ọjọ́ tí mo jókòó sílé, 6. Ohun tí mo lọ fi abẹ́rẹ́ tán ni bọ́ọ̀sì ń fún mi.

Torí náà, ibi tó sún mọ́ yín dára ju ibi tó lókìkí lọ. Ẹ gba àkókò àárọ̀, aago mẹ́jọ tó bá ṣeé ṣe, kí oòrùn tó mú. Ẹni tí ọ̀nà ẹ̀ bá gba ìlà ojú irin Blue Line, Mile 2 sí Marina, ó sàn ju kó wọ dánfó lọ fíìfíì. Ẹ fi aṣọ ìnujú wé píọ̀ wọ́tà tó ti dì kẹ́ ẹ fi sí ẹ̀yìn ọrùn, kò sẹ́ni tó máa wò yín, wọ́n á rò pé ibà ló ń ṣe yín ni.

Bẹ́ ẹ bá ti rí ibì kan, ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè ibi tí ẹni náà ti kọ́ṣẹ́ àti iye ọdún tó fi kọ́ ọ. MDCN tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ nílẹ̀ wa náà ni ètò ìṣègùn àfidípò wà lábẹ́ ẹ̀, torí náà ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ẹ̀rí, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá mọ́ ò ní bínú. Ẹ béèrè bóyá ó ti tọ́jú ẹni tó ní MS rí. Tó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni, mo sì wò ó sàn", ẹ dìde. Tó bá ní òun ò tíì ṣe é rí ṣùgbọ́n òun fẹ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀, ẹ jókòó, ìyẹn gan-an lẹni tí mò ń lọ bá báyìí, obìnrin kan tó jẹ́ pé físíò ló kọ́kọ́ kọ́ kó tó lọ kọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa san, tàbí mẹ́rin mẹ́rin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀dínwó mú yín san ogún.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ jẹun. Mi ò ní kẹ́ ẹ jẹ iyán o, mo ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tàbí búrẹ́dì, torí ẹni tí ebi ń pa tó sùn sábẹ́ abẹ́rẹ́ lè dákú. Ẹ wọ ṣòkòtò tó fẹ̀ tó ṣeé ká dé orúnkún, bùbá náà dáa. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀, èyí ṣe pàtàkì fún àwa tí ìtọ̀ máa ń gbọ̀n lójijì, kò sí ìdójútì tó dà bíi kí ìtọ̀ máa gbọ̀n yín kí abẹ́rẹ́ méjìlá ṣì wà lẹ́sẹ̀ yín. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ mú ẹnì kan dání tó máa bá yín dé ilé.

Wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín gan-an, oorun, ìgbẹ́, nǹkan oṣù, bóyá otútù ló máa ń mú yín tàbí ooru. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ yọ ahọ́n, wọ́n á fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ yín méjèèjì láti gbọ́ bó ṣe ń lù, ìlànà àwọn Ṣáínà nìyẹn. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wá yá, ẹ ya ojú yín. Inú ọ̀rá tí wọ́n ò tíì ṣí ló gbọ́dọ̀ ti jáde, níwájú yín ni kí wọ́n ti ya á, èyí tí wọ́n bá lò kó lọ tààrà sínú ike líle tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ sí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n sè, tí wọ́n fi spirit nù, tí wọ́n ní "tiyín nìkan la tọ́jú ẹ̀ fún", ẹ má gbà á, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti HIV ò mọ tiyín mọ́ tẹlòmíì. Kí wọ́n fọwọ́, kí wọ́n fi spirit nu ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gún.

Ṣé ó dùn? Abẹ́rẹ́ náà tínrín bí irun, kò ní ihò nínú bíi ti ọsibítù, ẹ̀ẹ́ gbọ́ bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá ta èèyàn, lẹ́yìn náà nǹkan kan á wúwo á sì máa ro díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní de qi, wọ́n gbà pé àmì pé ó débẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tó bá ta yín bíi iná NEPA, ẹ pariwo kí wọ́n yọ ọ́, ó kan nẹ́ẹ̀fù nìyẹn. Níbi tí ara yín bá ti kú, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹ ò ní mọ̀ tí wọ́n bá gún un jìn jù. Tí ẹsẹ̀ yín bá jẹ́ èyí tó máa ń ṣàdédé ta, ẹ sọ ìyẹn náà, mo ti ta ẹsẹ̀ rí tí abẹ́rẹ́ kan fi tẹ̀ wọnú ojúgun mi.

Ẹ ka abẹ́rẹ́. Mélòó ni wọ́n fi sí i, mélòó ni wọ́n yọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ kan bá mi délé nínú irun mi, ẹni tó ń dirun fún mi ló rí i.

Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ má sáré dìde. Ẹ jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ mu omi, ẹ̀jẹ̀ tó kán díẹ̀ tàbí ojú ibi tó dúdú díẹ̀ kì í ṣe wàhálà. Ẹ má fi ọjọ́ yẹn lọ òwàǹbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gún yín ní èjìká, ẹ̀yìn òkè tàbí àyà, tí èémí wá ń há yín lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, tí àyà sì ń gún yín, ọsibítù ló kàn, ẹ má pe oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ lórí fóònù, torí abẹ́rẹ́ lè kan ẹ̀dọ̀fóró, kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Tí ojú abẹ́rẹ́ bá pọ́n tó ń wú, tára ń gbóná, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Àwọn nǹkan míì wà tí wọ́n á fẹ́ fi kún un. Moxa ni ewé gbígbẹ tí wọ́n ń sun létí ara, ooru ni, èmi sọ pé rárá: ooru ń da àwa láàmú, ara tó kú ò sì mọ̀gbà tí iná ń jó o, ká má tiẹ̀ sọ èéfín ẹ̀ nínú yàrá tí kò sí iná tí fáànù ò ṣiṣẹ́. Ife tí wọ́n ń fi fa ẹ̀yìn, ìwo tí àwọn bàbá wa ń kì náà nìyẹn, kò ṣe mí ní nǹkan kan ju àpá róbótó lọ. Iná mànàmáná kékeré sára abẹ́rẹ́, ẹ bi dókítà yín kọ́kọ́.

Ewé àti egbò igi àwọn Ṣáínà wá ńkọ́. Ẹ dúró dáadáa níbí, torí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látẹ̀ẹ̀kan, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Àwa tí wọ́n fi àgbo wẹ̀ dàgbà, a gbà pé nǹkan tó bá ti jẹ́ ewé ò lè pa èèyàn lára, tí ò bá ṣiṣẹ́ kò ní bà á jẹ́. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fún àwọn obìnrin kan ní ewé Ṣáínà nínú oògùn tí wọ́n fi ń fọn, wọ́n ṣi ewé kan mú fún èkejì, èyí tí wọ́n ṣì mú ní aristolochic acid nínú, ó lé ní 100 èèyàn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́, àwọn kan wá ní jẹjẹrẹ lẹ́yìn náà. Ewé ni o. Ilé ìtọ́jú ni wọ́n ti gbà á o, kì í ṣe abẹ́ afárá.

Fún MS wa gan-an, nǹkan méjì ló wà nílẹ̀. Èkíní, àwọn ewé kan tí wọ́n ń tà pé ó ń "fún ara lágbára", bíi ginseng àti huangqi, èrò ọ̀pọ̀ dókítà ni pé wọ́n lè ta àwọn sójà ara jí, àwa sì rèé, sójà tó jí jù ló ń pa wá, kí la tún fẹ́ fi òògùn jíjí ṣe? Èkejì, ewé kan wà tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ àjàrà ọlọ́run àrá lédè wọn, lei gong teng, ó ń tẹ àwọn sójà náà mọ́lẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń lò ó fún làkúrègbé, àmọ́ ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ó sì lè ba ọmọ bíbí jẹ́. Ẹ wá rántí pé interferon, fingolimod àti teriflunomide tí wọ́n ń fún wa, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò torí wọn. Ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo, kò lè máa ru ẹrù dókítà kó tún máa ru ti Ṣáínà kó tún máa ru ti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tẹ́ ẹ mu ní ìdí ọkọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lò ó, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan sí bébà, kì í ṣe orúkọ àdàpọ̀ ẹ̀, orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, ẹ má gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò páálí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ ẹ sì ka àkọlé wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ fún dókítà, ẹ ṣe tẹ́sítì ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe nígbà tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ tún un ṣe. Èmi ò lò ó. Mo rò ó títí, mi ò lò ó.

Mi ò bú ewé Ṣáínà o. Oògùn ibà tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́mísìtì, èyí tó ní artemether nínú, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Ìyá kan tó ń jẹ́ Tu Youyou ló rí i nínú ìwé ìṣègùn tí Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́ kan, ti kọ ní nǹkan bí 1600 ọdún sẹ́yìn, ìwé yẹn ní kí wọ́n rẹ ewé náà sínú omi kí wọ́n fún un mu, kò ní kí wọ́n sè é, ohun tó jẹ́ kó ye ìyá náà nìyẹn pé ooru lè máa pa agbára ewé yẹn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ewé náà, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò lára èèyàn káàkiri ayé. Èyí tí wọ́n wé sínú bébà fún yín lẹ́yìn káńtà ò tíì rin ìrìn yẹn.

Ẹni tí kò bá lówó abẹ́rẹ́, tàbí tí ọ̀nà jìn sí, ìka lẹ lè fi tẹ àwọn ojú ibẹ̀ nílé. Ẹ fi ìka mẹ́rin wọn ìsàlẹ̀ egungun orúnkún, kẹ́ ẹ sún síta ní ìwọ̀n àtàǹpàkò kan kúrò lára ojúgun, Zusanli nìyẹn, àwọn ló mọ̀ ọ́n mọ́ agbára àti inú rírún. Ìka mẹ́rin lókè kókósẹ̀ ti inú, lẹ́yìn egungun, Sanyinjiao nìyẹn. Ibi tó ki láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka ni Hegu. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ jẹ́ kó ro díẹ̀ kì í ṣe kẹ́ ẹ máa ké. Aboyún ò gbọdọ̀ tẹ Hegu àti Sanyinjiao. Ọmọ mi ọkùnrin ló máa ń bá mi tẹ ti ẹsẹ̀ tó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi.

Tai chi náà wà, eré ìdárayá àwọn Ṣáínà tí wọ́n ń rọra ṣe, kò ná èèyàn ní nǹkan kan, ó sì ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìdúró. Mò ń ṣe é ní kọ́ḿpáùńdì kí aago méje àárọ̀ tó lù, ẹ gbé àga sítòsí, àwọn aládùúgbò á rò pé ẹ ti ń ya wèrè, ẹ kí wọn.

Ọjọ́ wo lẹ ò gbọdọ̀ lọ? Ọjọ́ tí ara bá gbóná. Ibà Èkó yìí máa ń tàn wá jẹ: tí malaria tàbí àìsàn ojú ìtọ̀ bá mú ẹni tó ní MS, ara gbígbóná yẹn nìkan tó láti mú kí ẹsẹ̀ yẹ̀, kí ojú tún ṣú, a ó wá máa pariwo pé MS ti dìde, kì í ṣe òun, ibà ni. Ẹ ṣe tẹ́sítì, ẹ tọ́jú ibà náà, á lọ. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí ibà, tí nǹkan tuntun bá ṣẹlẹ̀ tó kọjá wákàtí 24, ojú kan ń dùn yín tó ń ṣókùnkùn, ẹsẹ̀ kan ò gbé mọ́, ìtọ̀ ò jáde, ẹ má lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà nẹ́ẹ̀fù. Lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ọjọ́ mọ́kànlá gba abẹ́rẹ́ lórí ojú tó ń ṣú kó tó dé ọsibítù, ojú náà ò padà bó ṣe wà mọ́.

Ìgbà mẹ́jọ ni mo fún un, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìkẹjọ, ẹ ṣí ìwé yín, ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ kọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ẹ fi wéra. Tí kò bá fi máàkì méjì ó kéré tán sún kúrò níbi tó wà, ẹ fi owó yín ra nǹkan míì. Tèmi: pajápajá òru kúrò ní 7 ó bọ́ sí 4, mo sì ń sùn di aago márùn-ún. Rírẹ̀ ò sún, 6 ló wà, 6 náà ló wà títí dòní, mo sọ fún obìnrin náà pé kó má wulẹ̀ gún mi torí rírẹ̀ mọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa. Mo gbé ìwé náà fún dókítà mi, ó kọ àwọn nọ́ńbà náà sínú fáìlì mi, ó ní baclofen mi, oògùn tó ń dẹ iṣan tó gan, ṣì dúró bó ṣe wà, òun ò ní dín in kù torí ìwé. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta ni mò ń lọ, ọjọ́ Túsìdeè, aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gún, abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, mo sì ń kà á kí n tó wọ bàtà mi.